Àpótí Tí N Kò Fi Àmì Sí

Ẹ kò ní gbà mí gbọ́, mo sì ti dárí jì yín kí n tó bẹ̀rẹ̀. Ọjà kan wà láyé yìí tí ẹni tó fi òógùn ojú rẹ̀ gbin iṣu, tó wa iṣu, tó rù ú dé ọjà, ni yóò tún sanwó kí wọ́n tó bá a gbé e kalẹ̀ fún aráyé. Bí kò bá sanwó ńkọ́? Wọn yóò gba iṣu náà lọ́wọ́ rẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́, wọn yóò tì í mọ́ inú yàrá, ẹni tó bá fẹ́ fojú kàn án, títí kan ẹni tó gbìn ín, yóò sanwó lẹ́nu ọ̀nà. Ọdún márùndínlógójì ni mo fi ṣiṣẹ́ nínú ọjà yẹn. Mo ti fẹ̀yìn tì báyìí, mo jókòó sábẹ́ igi máńgòrò ní Ayétòrò, oorun ọ̀sán ń kọjá lójú mi bí àgùntàn. Ẹ̀yin ọmọ tí ẹ ń wá bi mí pé iṣẹ́ wo ni kí ẹ kọ́, ẹ sún mọ́ mi.

Táípíìsì ni mí. Ẹni tó fẹ́ rẹ́rìn-ín kó rín in tán báyìí. Àwọn olùkọ́ àgbà ní ilé-ẹ̀kọ́ àgbẹ̀ wa ló ń ṣe ìwádìí, èmi ni mo ń tẹ̀ ẹ́, èmi ni mo ń fi í ránṣẹ́ sí jọ́nà, ìyẹn àwọn ìwé ńlá tí àwọn onímọ̀ fi ń gbọ́ ohùn ara wọn. Bí mo ṣe rí iṣẹ́ náà kò gùn: wọ́n ń wá ẹni tó mọ̀wé, mo mọ̀wé díẹ̀, bàbá mi sì mọ ẹnì kan. Owó oṣù ńkọ́? Ó ń wọlé, ó ń jáde, àwa méjèèjì kì í pẹ́ wo ojú ara wa.

Ọ̀gá tí wọ́n fi mí sí lábẹ́ rẹ̀ ni Màmá Adéoti, olórí àwọn táípíìsì. Obìnrin kúkúrú ni, gíláàsì ojú rẹ̀ nípọn bí ìdí ìgò. Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ wọlé, kò wo ojú mi rárá, ọwọ́ mi ló ní kí n nà wá. Ó yí i síwá, ó yí i sẹ́yìn, bí ẹni tó fẹ́ ra adìyẹ. Ó ní ọwọ́ àgbẹ̀ nìyí, ṣùgbọ́n a ó gbìyànjú.

Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé méjì ló wà nínú yàrá náà. Èyí tó dáa, ti Màmá ni. Èkejì, òdìkejì ibodè ni wọ́n ti rà á, lọ́wọ́ àwọn tó ń sọ Faransé, òun ni wọ́n gbé fún mi. Àwọn lẹ́tà orí rẹ̀ kò sí níbi tó yẹ kí wọ́n wà. Lẹ́tà A ti gun òkè lọ, M sì ti sá lọ sí ìpẹ̀kun ìlà bí ọmọ tó rí abẹ́rẹ́ nọ́ọ̀sì. Oṣù mẹ́ta ni mo fi kọ́ṣẹ́ lórí rẹ̀. Nígbà tí mo wá mọ̀ ọ́n tán, Màmá bọ́ ìborùn rẹ̀, ó fi bo ọwọ́ mi àti ẹ̀rọ pọ̀, ó ní kí n máa tẹ̀. Kò sí ohun tó dà bí ìyẹn. Òjò ń rọ̀ sórí páànù, ọwọ́ mi ń rìn lábẹ́ aṣọ bí ẹja lábẹ́ omi, n kò rí i, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ń jáde lókè. Ìgbà mìíràn mo máa ń rò pé kì í ṣe èmi ni mo ń tẹ̀ ẹ́, pé àlá ẹlòmíràn ni mo kàn ń gba ibẹ̀ kọjá.

Màmá kò gba kí a fi ọ̀dà funfun pa àṣìṣe rẹ́. Bí o bá ṣe àṣìṣe kan ṣoṣo, o ó fa ìwé náà yọ, o ó tún bẹ̀rẹ̀ láti òkè. Tábìlì kan wà nínú pépà kan, tó ní òpó nọ́ńbà méjìlá, nípa iye ọjọ́ tí ẹyin adìyẹ fi ń pa. Ìgbà mẹ́sàn-án ni mo tẹ̀ ẹ́. Ní ìgbà kẹjọ, mo sunkún. Màmá na áńkáṣífù sí mi, ó ní kí n má jẹ́ kí omi ojú kán sórí ìwé.

Ohun kan ló sọ fún mi tó wọ̀ mí lára ju gbogbo rẹ̀ lọ. Ó ní, “Pépà yìí ni aṣọ tí ọ̀gá rẹ wọ̀ lọ síwájú àwọn tí kò mọ̀ ọ́n rí. Wọn ò ní rí ojú rẹ̀, wọn ò ní gbọ́ ohùn rẹ̀. Bí aṣọ bá ya, ihò yẹn ni wọ́n máa wò. A kì í fi ọwọ́ òsì júwe ilé bàbá ẹni.”

Ó sì ń ṣe é bó ṣe ń sọ ọ́. Olùkọ́ àgbà kan fẹ́ kọ ọ́ sínú lẹ́tà sí jọ́nà pé ohun tó dá òun dúró ni pé kò sí iná fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Màmá kọ̀ jálẹ̀. Ó ní kí ni àwọn òyìnbó fẹ́ fi ọ̀rọ̀ iná wa ṣe. Ó tẹ̀ ẹ́ pé iṣẹ́ ló pọ̀. Ọkùnrin náà kà á, ó fi àyà rìn jáde bí ẹni tí iṣẹ́ pọ̀ fún lóòótọ́.

Tí a bá tẹ pépà tán, a ó dì í sínú àpòòwé aláwọ̀ ilẹ̀, èmi ni n ó gbé e lọ sí ilé ìfìwéránṣẹ́. Lẹ́yìn ìyẹn, ó di ìdúró. Oṣù mẹ́fà, oṣù méje. Pípẹ́ ni yóò pẹ́, akólòlò á pe baba. Nínú ìdúró yẹn, mo máa ń fojú inú rí àpòòwé náà níbi tó ti ń kọjá lórí òkun, tí òórùn ẹ̀gẹ́ Ayétòrò ṣì wà lára rẹ̀, tí ẹnì kan tó wọ kóòtù nínú òtútù yóò ya etí rẹ̀, tí eruku pupa wa díẹ̀ yóò dà sórí tábìlì rẹ̀. Kò sì ní mọ ohun tó jẹ́.

Bí ẹ̀rọ ṣe wá ń yí padà, n kò lè tò ó tán. Stẹ́ńsù, tí a fi ń tẹ ẹ̀dà ìwé púpọ̀, kọjá lọ pẹ̀lú íńkì rẹ̀ tí kì í tán léèékánná. Kọ̀ǹpútà dé, Màmá wò ó fún ọjọ́ kan gbáko, ó ní ohun tó ń jẹ́ kí àṣìṣe rọrùn láti pa rẹ́ yóò jẹ́ kí àṣìṣe pọ̀, ó sì gba ìwé ìfẹ̀yìntì rẹ̀, ó kó lọ sílé rẹ̀ ní Ìlaròó. Nígbà kan, àfi kí n wọ mọ́tò lọ sí Ìlaròó kí n tó rí intanẹ́ẹ̀tì tó lè gbé pépà kan lọ, mo sì ní láti dé ibẹ̀ kí iná tó lọ. Lẹ́yìn náà intanẹ́ẹ̀tì wá bá wa nílé. Àpòòwé kú. Àwọn jọ́nà ṣí ojúlé sórí intanẹ́ẹ̀tì, wọ́n gbé fóòmù kalẹ̀, fóòmù náà sì kún fún àpótí kéékèèké tí ènìyàn yóò máa fi àmì sí. Inú ọ̀kan nínú àwọn àpótí yẹn ni mo já sí.

Dókítà Fọláṣadé ni olùkọ́ tí mo bá ṣiṣẹ́ jù lópin iṣẹ́ mi. Àbúrò ni lọ́jọ́ orí, ọ̀gá ni lẹ́nu iṣẹ́, nítorí náà òun ń pè mí ní Ẹ̀gbọ́n, èmi ń pè é ní Dókítà, kò sí ẹni tó rẹ ẹnì kejì sílẹ̀. Oko Bàbá Làmídì ní Joga-Orílé ló ti ń ṣe ìwádìí rẹ̀. Nígbà tí pépà rẹ̀ àkọ́kọ́ jáde, Bàbá gun ọ̀kadà wá sí ọ́fíìsì wa, ó de fìlà àbetí ajá, ó ní òun wá wo oko òun nínú ìwé. A tẹ ibi tí a ó tẹ̀. Ojúlé náà ní kí a kọ́kọ́ san dọ́là.

Bàbá ní, “Ṣé oko mi náà ni?”

Dókítà ní oko yín ni, Bàbá.

“Wọ́n wá ní kí n sanwó kí n tó wo oko mi?”

Bàbá bú sẹ́rìn-ín. Ọ̀rọ̀ tó bá ju ẹkún lọ, ẹ̀rín là ń fi í rín. Ó rẹ́rìn-ín títí fìlà rẹ̀ fi ṣí, ó kí wa, ó lọ. Ẹ̀rín yẹn ló gún Dókítà. Ó tẹ̀lé e dé ìdí ọ̀kadà, ó ṣèlérí fún un pé èyí tó ń bọ̀, gbogbo ayé ni yóò kà á lórí fóònù láìsan kọ́bọ̀.

Ọdún mẹ́ta ló fi ṣe èyí tó ń bọ̀ yẹn. Ó jẹ́ nípa ẹ̀wà tí wọ́n ń gbìn sáàárín ẹ̀gẹ́ ní oko Bàbá Làmídì, tí kì í jẹ́ kí kòkòrò jẹ ewé ẹ̀gẹ́ náà bíi ti oko àwọn ẹlòmíràn. Pépà dáadáa ni. Mo tẹ̀ ẹ́ bí ẹni ń di irun ìyàwó. Lọ́jọ́ tí a fẹ́ fi í ránṣẹ́, Dókítà ní iṣẹ́ ní kíláàsì. Ó ní kí n ṣáà mú èyí tí gbogbo ayé lè kà lọ́fẹ̀ẹ́, èyí tí wọ́n ń pè ní ópìn ásẹ́ẹ̀sì. Mo mú un. Mo rí i níbẹ̀ pé ẹni tó kọ ọ́ ló ń sanwó rẹ̀. Nísàlẹ̀ rẹ̀, àpótí kan wà. Ó ní ẹni tí kò bá lágbára àtisan owó náà, kó fi àmì síbẹ̀ nísinsìnyí kó sì ṣàlàyé, nítorí bí wọ́n bá ti gba pépà tán, àyè àtibéèrè ti kọjá.

Mo na ọwọ́ sí àpótí yẹn, ọwọ́ mi sì dúró lófuurufú. Kí n wá kọ ọ́ ránṣẹ́ sí àwọn tí kò mọ Dókítà rí pé kò ní? Kó jẹ́ pé ohun àkọ́kọ́ tí wọ́n máa mọ̀ nípa rẹ̀ nìyẹn? Mo fò ó. Ẹ má parọ́ fún mi, ọ̀pọ̀ nínú yín ni yóò fò ó. Mo tilẹ̀ gbéra ga díẹ̀ bí mo ṣe ń rìn lọ sílé lọ́jọ́ náà. Mo rò pé owó yẹn yóò dà bí owó kékeré tí à ń fún jọ́nà ilé wa.

Oṣù mẹ́jọ lẹ́yìn náà, wọ́n gba pépà wa. A ra mineral, a pín in káàkiri ọ́fíìsì. Lọ́jọ́ kejì ni ìwé owó wọlé. Bí Dókítà bá kó owó oṣù rẹ̀ jọ fún ọdún kan láìjẹun, láìwọ mọ́tò, bóyá yóò tó o. Wọ́n fún un ní ọgbọ̀n ọjọ́. Bí kò bá san án, wọn yóò yọ pépà náà kúrò.

Dókítà ka ìwé náà lẹ́ẹ̀mejì. Ó wá ní òun ní ilẹ̀ kan ní Idogo, òun yóò tà á. Ilẹ̀ tó fẹ́ kọ́lé sí ni. Ó ní òun kò lè tún padà lọ bá Bàbá Làmídì kó tún rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ló bi mí léèrè, bí ẹni tó ń bi ara rẹ̀, pé ṣé àwọn jọ́nà yìí kò wá ṣe ètò kankan fún àwa tí a kò ní ni?

Mo ní n ó wò ó. Ẹ gbọ́ irọ́. Èmi tí mo ti wò ó.

Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi dákẹ́. Mo ń jẹun, n kò mọ ohun tí mò ń jẹ. Lọ́jọ́ kẹta, mo gbọ́ tí Dókítà ń bá ẹni tó fẹ́ ra ilẹ̀ sọ̀rọ̀ lórí fóònù, tó ń ṣàpèjúwe igi ọ̀pẹ tó wà níbẹ̀. Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ yóò lé e bá, tèmi kò sì pé ọ̀sẹ̀ kan. Mo wọ mọ́tò, ó di Ìlaròó, ó di ọ̀dọ̀ Màmá Adéoti.

Ojú rẹ̀ ti ṣókùnkùn, ṣùgbọ́n ó mọ ìró ẹsẹ̀ mi. Mo dọ̀bálẹ̀, mo rò ó fún un látòkè délẹ̀. Mo ní ẹ̀kọ́ yín ni mo tẹ̀lé, Màmá.

Ó ní, “Ilé bàbá ẹni tí o ò fi ọwọ́ òsì júwe, o ti fẹ́ kí wọ́n tà á báyìí.”

Mo tẹrí ba, ó tún ní:

“Ìwọ lojú ń tì. Kì í ṣe òun. Lọ sọ fún un, kí o sì kọ ọ́ ránṣẹ́ sí jọ́nà bó ṣe ṣẹlẹ̀.”

Oorun gbé mi lọ nínú mọ́tò bí a ṣe ń padà bọ̀. Mo rí ara mi nínú oko Bàbá Làmídì, ẹ̀gẹ́ ga ju orí mi lọ, ìkùukùu ń gba àárín wọn kọjá. Ilẹ̀kùn kan dúró láàárín oko náà. Kò sí ògiri, kò sí òrùlé, ilẹ̀kùn nìkan, wọ́n sì tì í. Àwọn ènìyàn tò síwájú rẹ̀, wọ́n mú owó lọ́wọ́. Àwọn ewúrẹ́ ń gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ wọlé, wọ́n ń gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ jáde. Mo fẹ́ sọ fún àwọn ènìyàn náà pé ẹ gba ibi tí ewúrẹ́ ń gbà, ṣùgbọ́n ohùn mi kò jáde. Awakọ̀ ló jí mi, ó ní Ayétòrò rèé, àbí mo fẹ́ bá òun sùn sínú mọ́tò ni.

Mo bá Dókítà nínú ọ́fíìsì rẹ̀. Mo jẹ́wọ́. Kò pariwo. Ó ká ọwọ́ sórí tábìlì, ó ń wò mí.

“Ẹ̀gbọ́n, ọjọ́ mẹ́ta lẹ fi ń wò mí?”

Ì bá sàn kó gbá mi létí. Mo ní kó má bínú. Ó ní òun kò tíì mọ̀ bóyá òun ń bínú, kí n kọ́kọ́ jókòó ká kọ lẹ́tà. Lẹ́tà yẹn ló le jù nínú gbogbo ohun tí mo tẹ̀ rí, ju ti ẹyin adìyẹ lọ. Mo kọ ọ́ pé a kò ní owó náà, pé a kò ní in láti ìbẹ̀rẹ̀, pé èmi tí mo tẹ̀ ẹ́ ló tijú àtisọ. Dókítà fi kún un pé àgbẹ̀ tó ni oko náà ń retí àtikà á. A fi í ránṣẹ́.

Ọjọ́ kẹsàn-án, èsì dé. Wọ́n ní òfin kò gbà kí wọ́n dárí owó náà jì wá mọ́, àyè ti kọjá. Mo fẹ́ dìde, Dókítà dì mí lápá, ó ní kí n kà á dé ìsàlẹ̀. Wọ́n ní a lè gbé pépà náà sí apá tí wọ́n ń tì, tí ẹni tó kọ ọ́ kì í sanwó. Pépà tí àwọn bá wá tún ṣe lọ́ṣọ̀ọ́ ni wọn yóò tì. Ṣùgbọ́n èyí tí àwa fúnra wa tẹ̀, tí àwọn gbà, ẹ̀tọ́ wa ni láti gbé e sórí ojúlé ilé ìkàwé ilé-ẹ̀kọ́ wa, kí gbogbo ayé máa kà á lọ́fẹ̀ẹ́ láti ọjọ́ tí tiwọn bá jáde. Wọ́n ní ó ti wà nínú òfin àwọn látọjọ́ pípẹ́. Òótọ́ ni. Mo wá a, mo rí i, ní ìsàlẹ̀ ojú ìwé kan tí ẹnikẹ́ni nínú wa kò yí dé rí.

Dókítà ní, “Èyí tí ẹ tẹ̀ yẹn gan-an?”

Mo ní, “Èyí tí mo tẹ̀ gan-an.”

Ó gbé fóònù, ó sọ fún ẹni tó fẹ́ ra ilẹ̀ pé kó má bínú, òun kò tà á mọ́. Lẹ́yìn náà ló wá rántí pé òun ní láti bínú sí mi, ó sì bínú dáadáa fún bí ọ̀sẹ̀ méjì. Mo gbà á tọwọ́tẹsẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́ṣẹ́, ẹni tó jìn sí kòtò kọ́ ará yòókù lọ́gbọ́n: ẹ ka fóòmù dé ìsàlẹ̀, ohun tí ẹ kò bá sì ní, ẹ sọ pé ẹ kò ní in.

Bí Ọlọ́run ṣe máa ń ṣeré, ọjọ́ tí pépà náà jáde ni ọjọ́ ìkẹyìn mi lẹ́nu iṣẹ́. Wọ́n ti gé kéèkì, wọ́n ti sọ ọ̀rọ̀ dídùn tí n kò mọ̀ pé wọ́n ní sí mi. Nígbà tí gbogbo wọn tú ká, èmi àti Dókítà lọ sí ilé ìkàwé, mo gbé pépà náà sórí ojúlé wa. Mo fi fóònù mi sápò, mo tún yọ ọ́, mo ṣí i níbẹ̀ bí àlejò tí kò mọ ẹnikẹ́ni. Ó ṣí. Kò bi mí ní nǹkan kan. Dókítà fi ránṣẹ́ sí Joga-Orílé, mo gba ilé lọ nínú oòrùn ìrọ̀lẹ́, ara mi fúyẹ́ bí ìwé tí wọn kò tíì tẹ nǹkan sí.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, mo ti wẹ̀, mo ti wọ ṣẹ́ẹ̀tì kí ìyàwó mi tó rán mi létí pé n kò ní iṣẹ́ mọ́. Mo jókòó sábẹ́ máńgòrò. Ìkùukùu ṣì bo ojú ọ̀nà. Ọ̀kadà kan yọ láti inú rẹ̀, ó gbé ènìyàn méjì, Bàbá Làmídì ló wà lẹ́yìn, obìnrin àgbà kan wà láàárín, ó mú fóònù lọ́wọ́ bí ẹni mú àtùpà. Ìyàwó Bàbá ni. N kò rí i rí. Ó sọ̀ kalẹ̀ kí ọ̀kadà tó dúró dáadáa.

Ó bi mí pé ṣé ìwọ lo tẹ ìwé yìí. Mo dọ̀bálẹ̀, mo ní èmi ni, Màmá. Ó ní ọmọ àwọn tó jẹ́ tíṣà ló kà á fún àwọn, tó ń túmọ̀ rẹ̀ gbólóhùn kan lẹ́yìn òmíràn. Ó ní ibi tí ẹ kọ ọ́ sí pé bàbá yìí ló ń gbin ẹ̀wà sáàárín ẹ̀gẹ́, ta ló rí bàbá yìí níbi tó ti ń gbin ẹ̀wà?

Bàbá Làmídì ń wo orí igi máńgòrò.

“Èmi ni mò ń gbìn ín. Ìyá mi ló kọ́ mi. Òun kàn ń gbin ẹ̀gẹ́ ni.”

Mo wo Bàbá. Bàbá ní bẹ́ẹ̀ ni, wọn kò bi òun ni.

Obìnrin náà na fóònù sí mi. “Ká ní inú yàrá tí wọ́n tì ló wà ni, ǹ bá ti dákẹ́. Wọ́n ní gbogbo ayé ló ń kà á. Tó bá jẹ́ gbogbo ayé ló ń kà á, kí wọ́n kà á bó ṣe rí.”

Mo ṣàlàyé fún un, pẹ̀lú ọ̀wọ̀, pé mo ti fẹ̀yìn tì, pé àná gan-an ni mo fẹ̀yìn tì.

Ó ní, “Àná nìyẹn.”

Mo wọlé lọ mú bàtà mi.